Messiah tí Hogwood darí: kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi wálẹ̀ báyìí?

AkorinBodija kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ akọrin wa ń múra Messiah, orin ìsìn ńlá tí Handel kọ láyé àtijọ́, sílẹ̀ fún oṣù Kejìlá, apá kìíní àti Hallelujah. Ọ̀gá wa ní kí kálukú lọ gbọ́ ọ dáadáa kó tó wá sí ìdánrawò. Orí YouTube ni mo ti bá èyí tí Christopher Hogwood darí, òun àti Academy of Ancient Music (ẹgbẹ́ tó ń fi ohun èlò àtijọ́ ṣeré), tí wọ́n gbé jáde ní 1980. Mo jókòó ti kíbọ́ọ̀dù kí n lè máa bá wọn kọ ọ́. Hallelujah bẹ̀rẹ̀, mo tẹ D, kò bá wọn mu. C sharp ló bá wọn mu! Mo rò pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló bà á jẹ́, mo wá òmíràn, bákan náà ni.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn faolín wọn gbẹ, kò nípọn. Obìnrin tó ń dá kọ sọpuránò kì í gbọn ohùn. Wọ́n sì ń sáré. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé Handel nìyẹn, àbí àwọn òyìnbó yìí kàn ń dárà ni?

Faolin_Leeds kọ:

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Kò sí ohun tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yín. Ohùn A tí à ń lò lónìí láti fi mú ohun èlò jẹ́ 440 hertz, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún 1939 ni wọ́n ti fẹnu kò sí i. Kó tó dìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kódà ohùn ọ̀gáànù ṣọ́ọ̀ṣì kan lè ga ju ti ààfin tó wà nínú ìlú kan náà lọ. Àwa tí à ń fi ohun èlò àtijọ́ ṣeré máa ń fi A sí 415 tó bá jẹ́ orin Bach tàbí ti Handel. Ó fi bí ìdajì ohùn kan rẹlẹ̀ sí 440. Ẹ wá bọ́tìnnì transpose lára kíbọ́ọ̀dù yín, ẹ gbé e sí -1, ẹ̀yin àti Hogwood á jọ máa lọ.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn níbí, faolín ayé àtijọ́ ni mo fi ń ṣeré. Ẹ béèrè ohun tó bá wù yín.

Sofa_Ni_Mo_Mo kọ:

Hahaha. Àwa tí à ń fi tonic sol-fa kọrin, wàhálà yìí ò kàn wá. Ibi tí ọ̀gá bá mú doh sí, ibẹ̀ náà ni doh wà. Ẹ máa bá hertz yín lọ.

BabaTenor_Abk kọ:

Mo ti ń kọ Messiah kí púpọ̀ nínú yín tó dáyé. Rẹ́kọ́ọ̀dù ti 1959 tí Thomas Beecham, olùdarí orin ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ lọ gbọ́ Hallelujah tirẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí cymbal ṣe ń hó! Orí èèyàn á wú, wọn ò ní sọ fún un kó tó dìde. Ti Hogwood yìí ti tín-ín-rín jù. Orin ìyìn ni à ń wí, kì í ṣe orin àwẹ̀.

Alaka_Iwe kọ:

Bàbá, ẹ má bínú o, cymbal yẹn ò sí nínú ohun tí Handel kọ. Eugene Goossens ló tún orin náà tò fún Beecham. Kì í sì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mozart ti fi clarinet àti àwọn fèrè mìíràn kún un ní 1789, nígbà tí Baron van Swieten gbé iṣẹ́ náà fún un ní Vienna. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, èrò ni wọ́n ń kó jọ. Lọ́dún 1784 tí wọ́n fi Handel ṣe àjọ̀dún ní Westminster Abbey, akọrin àti olóhun-èlò ju 500 lọ. Nígbà tó fi máa di 1859 ní Crystal Palace, akọrin nìkan ti ju 2,000 lọ.

Ẹ wá wo ti Handel fúnra rẹ̀. Láti 1750 ló ti ń ṣe Messiah lọ́dọọdún láti fi kówó jọ fún Foundling Hospital ní London, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí apá òbí wọn ò ká. Ìwé ìnáwó ti 1754 ṣì wà títí dòní, àwọn tí wọ́n sanwó fún ló wà nínú rẹ̀: faolín 14, viola 6, sẹ́lò 3, báàsì onígi ńlá 2, oboe 4, bassoon 4, ìwo 2, ìpè 2, àti ẹni tó lu ìlù. Akọrin tó ń gberin ò ju 19 lọ. Ọmọkùnrin mẹ́fà láti Chapel Royal, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ọba, ló kọ sọpuránò, àgbà ọkùnrin ni gbogbo ìyókù. Àwọn adákọ jẹ́ márùn-ún. Ìlànà 1754 yìí gan-an ni Hogwood tẹ̀ lé, ó sì lọ kó àwọn ọmọkùnrin akọrin ti Christ Church wá láti Oxford.

AkorinBodija kọ:

Ẹ dúró ná. Olóhun-èlò 38, akọrin 19? Ìlọ́po méjì! Lọ́dọ̀ tiwa, akọrin ọgọ́ta, kíbọ́ọ̀dù kan, àti onípè kan tí kì í tètè dé.

BabaTenor_Abk kọ:

Iye tí owó rẹ̀ ká nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Handel rí igba akọrin tó gbọ́ orin, ṣé yóò lé wọn padà sílé ni?

Faolin_Leeds kọ:

Bàbá Tẹ́nọ̀, ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni ìjà wà láàárín wa gan-an, kì í sì í tán. Kò sẹ́ni tó lè búra pé yóò lé wọn. Ohun tó dá wa lójú ni pé Handel máa ń rán aṣọ náà mọ́ ẹni tó bá rí ni. Ní Dublin, 13 oṣù Kẹrin 1742, ìgbà àkọ́kọ́ pàá, òṣèré tíátà ni Susannah Cibber tó kọ "He was despised", ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, bí ó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ jáde ló fi mú wọn. Nígbà tó di 1750, Guadagni dé London, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré kí ohùn wọn má bàa yí padà. Ni Handel bá tún "But who may abide" kọ fún un, ó fi ibi tó ń sáré bí iná yẹn sí i. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ lónìí nìyẹn, kò sì sí ní Dublin.

Nítorí náà ẹni tó bá ní òun ń ṣe ojúlówó Messiah, ẹ bi í pé ti ọdún wo.

Mo sì gbọ́dọ̀ tú àṣírí kan nípa 415 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Fọ́ọ̀kì irin tí wọ́n fi ń mú ohùn, èyí tí wọ́n ní Handel fi sílẹ̀ ní Foundling Hospital ní 1751, ṣì wà. 422.5 ni A rẹ̀. Kì í ṣe 415! Àwa ará òde òní la mú 415 nítorí ìrọ̀rùn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohùn géérégé sí 440, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣe harpsichord, dùùrù ayé àtijọ́, lè ṣe pátákó ìtẹ̀ rẹ̀ kó ṣeé sún lẹ́ẹ̀kan péré sí òsì tàbí ọ̀tún, á sì bá ẹgbẹ́ méjèèjì ṣeré. Tí a bá ń ṣe orin Faransé ti ayé Lully, 392 la sábà máa ń lọ.

Alaka_Iwe kọ:

Ọ̀rọ̀ tí Richard Taruskin, onímọ̀ ìtàn orin ará Amẹ́ríkà, fi bá àwọn tó ń fi ohun èlò àtijọ́ ṣeré jà nìyẹn títí ó fi kú ní 2022. Ó ní ohùn fífúyẹ́, eré sísá àti ìmọ́tónítóní tí wọ́n ń pè ní ti ayé Bach, ìfẹ́ inú àwọn ará ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni, ìwé àtijọ́ kàn ń bá wọn jẹ́rìí sí i ni. Àwọn kan rò pé ó kórìíra wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé tuntun ni wọ́n ń ṣe, tuntun ọ̀hún sì dára, kí wọ́n yéé fi òkú búra.

Èmi gba tirẹ̀. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ràn Hogwood ju Beecham lọ, Bàbá, ẹ forí jì mí.

BabaTenor_Abk kọ:

Mo ti forí jì ọ́. Ọmọdé ń ṣe ẹ́ ni.

Sisi_Alto kọ:

Àǹtí Faolín, ẹ ṣàlàyé ohùn faolín gbígbẹ yẹn fún wa. Èmi náà ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ta ni sọpuránò yẹn?

Faolin_Leeds kọ:

Ẹ bá mi mú àga.

Ìfun ẹran, ti àgùntàn pàápàá, ni wọ́n fi ṣe okùn faolín mi, kì í ṣe irin. Ó rọ̀ lábẹ́ ìka. Bí ooru bá mú nínú gbọ̀ngàn, ohùn rẹ̀ á yí padà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wa tí à ń tún un mú láàárín orin kan sí èkejì. Okùn tó tín-ín-rín jù lè já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lójú agbo, mi ò lè jáde nílé láìmú òmíràn dání. Mi ò ní ìgbé-àgbọ̀n, pátákó kékeré tí wọ́n ń gbé àgbọ̀n lé, lára faolín, torí nǹkan bí ọdún 1820 ni Louis Spohr tó gbé e jáde. Ọwọ́ òsì mi ló ń gbé faolín dúró, ó tún ń wá ohùn, nítorí náà n kì í kàn fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè bó ṣe wù mí.

Àmọ́ ọ̀pá tí a fi ń ta á ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pá òde òní tẹ̀ wọnú, orí rẹ̀ wúwo, o lè fa ohùn kan láti ìdí dé orí kí agbára rẹ̀ má yẹ̀. Tiwa tọ́ tàbí kó tẹ̀ síta díẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí mo bá fà á wálẹ̀, ohùn á wọlé pẹ̀lú agbára, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ fúnra rẹ̀ kí n tó dé orí ọ̀pá. Bí mo bá tì í padà sókè, kò ní lágbára tó ti àkọ́kọ́. Ohùn méjì kì í dọ́gba lọ́wọ́ mi, kódà bí mo bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "Comfort ye", kí ẹ fetí sí faolín nìkan. Ẹ ó gbọ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n fò lórí. Ohun tí ẹ pè ní gbígbẹ nìyẹn: àyè wà láàárín ohùn kan sí èkejì.

Sọpuránò yẹn ni Emma Kirkby. Olùkọ́ ilé ìwé ni kó tó di akọrin, èdè Látìn àti ti Gíríìkì àtijọ́ ló kà ní Oxford. Ní ti gbígbọn ohùn, ìwé tí Leopold Mozart, bàbá Mozart, kọ lórí faolín ní 1756 bá àwọn kan wí tí ń gbọn gbogbo ohùn bí ẹni tí àrùn ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ̀n nígbà náà, ta ló ń bá wí? Geminiani, olórin faolín ará Ítálì, tilẹ̀ ní 1751 ní kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì ti gbé ní London níbi tí Handel wà. Ẹ̀yìn èwo ni èmi wà? Mo máa ń gbọ̀n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ ẹ. Ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ wa kì í gbọ̀n rárá.

Onilu_Oyo kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè, mi ò kọ Messiah rí, ìlù ni mò ń lù. Ṣùgbọ́n ohun tí àǹtí yìí sọ nípa ọ̀pá yẹn, kò ṣàjèjì sí mi. Bí èmi bá lu dùndún kí gbogbo ohùn dọ́gba, ta ni yóò gbọ́ ohun tí mo wí? Oríkì yóò di ariwo lásán. Ṣé àwọn náà ń fi faolín sọ̀rọ̀ ni?

Ìbéèrè mi kejì: àwa gba ìlù lọ́wọ́ bàbá wa, bàbá wa gbà á lọ́wọ́ bàbá wọn. Ta ni àwọn wọ̀nyí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú tipẹ́?

Faolin_Leeds kọ:

Bàbá Onílù, ẹ káre. Nikolaus Harnoncourt, olórin ará Austria, ò rí yín rí, ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wàásù nìyẹn. Ó gbà pé orin tí wọ́n kọ kí ó tó di nǹkan bí 1800 ń sọ̀rọ̀ ni, èyí tó tẹ̀ lé e ló ń ya àwòrán. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í pe gbogbo sílébù bákan náà.

Sẹ́lò ni Harnoncourt ń ta nínú Vienna Symphony láti 1952. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ta Bach níbẹ̀ sú òun. Ní 1953, òun àti Alice ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ sínú ilé, wọ́n ń wá ohun èlò àtijọ́ kiri, wọ́n sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣe é kí ẹgbẹ́ wọn, Concentus Musicus, tó jáde síta ní 1957, kò sì fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ títí di 1969. Láti 1971 ni òun àti Gustav Leonhardt ará Netherlands ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo orin ìsìn Bach tí wọ́n ń pè ní cantata sílẹ̀, ó sì gbà wọ́n tó ogún ọdún. Ẹ lọ gbọ́ àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn. Ìwo ń ṣìnà, àwọn ọmọdé ń já lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó lè kọ́ wọn nígbà yẹn, gbangba gbàgede ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Èyí sì dáhùn ìbéèrè yín kejì. Okùn ti já. Ìwé ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: Quantz tó kọ ti fèrè ní 1752, Carl Philipp Emanuel ọmọ Bach tó kọ ti dùùrù ní 1753, Leopold Mozart tí mo ti dárúkọ. Àti lọ́wọ́ ohun èlò fúnra rẹ̀. Ọ̀pá yẹn kọ́ mi ní ohun tí olùkọ́ ò sọ fún mi, torí àwọn nǹkan kan wà tí kò ní gbà fún ọ láti ṣe.

Onilu_Oyo kọ:

Ìwé ò lè sọ bí ọwọ́ ṣe ń rọ̀ fún ọ. Mo kí wọn kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlù tiwa dà bẹ́ẹ̀ láé.

ItanKoTan kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, kí n ba ayọ̀ yín jẹ́ díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Handel fi owó sínú Royal African Company? Àwọn ìwé ìpín owó wọn ti àwọn ọdún 1720 ni David Hunter ti rí orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrú ni o, wọ́n ní ibùdó ní Ouidah níbẹ̀ yẹn, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń wá bí ayé Handel ṣe rí láti orí okùn dé orí ọ̀pá, kí wọ́n wá èyí náà.

BabaTenor_Abk kọ:

Ṣé kí a wá fi Messiah sílẹ̀ nìyẹn?

ItanKoTan kọ:

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo ní kí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Alaka_Iwe kọ:

Àwọn kan nínú wọn ti ń wá a. Jordi Savall, ará Catalonia tó ń ta viola da gamba, kó àwọn olórin Mali, Brazil àti Mexico mọ́ àwọn tirẹ̀, wọ́n ṣe àkójọ orin kan lórí ọ̀nà òwò ẹrú láti 1444 dé 1888, ìyẹn ọdún tí Brazil fòpin sí i. Wọ́n ń ka àkọsílẹ̀ ìgbà náà sókè láàárín orin. Kò rọrùn láti gbọ́ ọ tán níjòókòó kan.

Sisi_Alto kọ:

Ẹ ṣeun, kò ṣeé gbọ́ lásán lóòótọ́. Kí n padà sí tèmi: èmi ni wọ́n ní kí n dá "He was despised" kọ. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́lẹ́ ni kí n kọ ọ́? Ọ̀gá kan tó kọ́ mi tẹ́lẹ̀ máa ń bínú bí mo bá fi ohùn kan kún un.

Faolin_Leeds kọ:

Láyé Handel, bí ẹ bá kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn á ní ẹ ò mọṣẹ́. Ẹ kọ apá kìíní bó ṣe wà. Ẹ kọ "He gave his back" tó wà láàárín. Tí ẹ bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dárà tiyín: ohùn tó ń fò, ẹ fi àtẹ̀gùn sí i, ibi tí ẹ̀dùn ọkàn bá ti wà, ẹ gbára lé ohùn òkè kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe é pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà láìkọrin, ibi tí ohùn yín bá dúró sí, ẹ dúró síbẹ̀.

Sofa_Ni_Mo_Mo kọ:

Ṣé òótọ́ ni pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló dìde nígbà Hallelujah tí gbogbo wa fi ń dìde?

Alaka_Iwe kọ:

Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ ní 1780 ló ti kọ́kọ́ jáde, Handel ti kú láti 1759. Ẹ máa dìde o jàre, ẹsẹ̀ yín ni.

AkorinBodija kọ:

Mo ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ká fi kíbọ́ọ̀dù sí -1 lóòótọ́, torí "King of kings" yẹn tó ń gòkè dé G ni àwọn sọpuránò wa máa ń pariwo sí. Ó sì ní akọrin bí ogún ni kó kọ "And he shall purify" tó ń sáré yẹn, kí gbogbo wa tó jáde ní Hallelujah. Bàbá Tẹ́nọ̀, ṣé inú yín dùn?

BabaTenor_Abk kọ:

Kò burú. Kí wọ́n wá cymbal.

AkorinBodija kọ:

Ha! Ó ku ẹyọ kan: onípè wa. 440 ni ìpè rẹ̀ wà. Tí kíbọ́ọ̀dù bá wálẹ̀, kí ni yóò ṣe? Mo rí i pé ìpè ti àwọn Hogwood ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀.

Faolin_Leeds kọ:

Wọn ò ní, ètè nìkan ni wọ́n fi ń wá ohùn. Púpọ̀ nínú wọn lónìí ló ní ihò kéékèèké lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka dí kí ohùn tó yà má bàa yà jù, àrà òde òní ni ihò yẹn náà. Jean-François Madeuf wà lára àwọn díẹ̀ tó ń fun ún láìsí ihò. Ní ti onípè yín, ṣé B flat ni ìpè rẹ̀? Ẹ bi í.

Onipe_Challenge kọ:

Èmi nìyí o, ẹ yéé sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. B flat ni. Tí Hallelujah bá wà ní D, E major ni mò ń bá yí, sharp mẹ́rin. Tí kíbọ́ọ̀dù bá sọ̀ kalẹ̀, E flat ni yóò jẹ́ fún mi, flat mẹ́ta péré. Ẹ̀yin ẹ gbé e wálẹ̀. Kí ẹnì kan ṣáà bá mi tún un kọ síwèé kó tó di ọjọ́ Sátidé.